Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkàn àwọn tó ní scleroderma wò ní Lọ́ńdọ̀nù: wọ́n mọṣẹ́ gan-an, àmọ́ yàrá wọn tutù jù

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tí ò ráyè ka ìwé gígùn lè máa bá tiẹ̀ lọ. Ọsibítù ìjọba ni o, NHS, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mi ò sì ní dárúkọ wọn torí ẹ̀sùn ń bọ̀ nísàlẹ̀. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ló ní àìsàn náà, èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ, tí mo máa ń jókòó tì wọ́n, tí mo máa ń da ìbéèrè bo dókítà títí ojú ẹ̀ á fi fẹ́ yí padà.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, scleroderma, èyí tí àwọn dókítà tún ń pè ní systemic sclerosis, àìsàn tí àwọn ọmọ ogun inú ara fi ń bá ara fúnra ẹ̀ jà ni. Awọ ara á máa le, á máa fà, ìka ọwọ́ á funfun á tún di búlúù tí òtútù bá ti fẹ́ sí i, oúnjẹ á máa há lọ́fun. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, awọ tún máa ń ní àmì funfun tótòtó káàkiri, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àǹtí mi ń bóra, ẹ wo ayé. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà sì ti fi hàn pé ó máa ń tètè mú àwa dúdú ju àwọn òyìnbó lọ, ó sì máa ń le jù lára wa, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìsàn òyìnbó ni.

Awọ yẹn ni gbogbo èèyàn ń rí, àmọ́ ohun tó wà nínú ló ń pani. EUSTAR, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọpa àìsàn yìí ní Yúróòpù, gbé àkọsílẹ̀ kan jáde ní 2010 nípa àwọn tó kú. Nínú àwọn tí scleroderma fúnra ẹ̀ pa, ẹ̀dọ̀fóró tó di àpá ló pa 35 nínú 100, ìfúnpá tó ga jù nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró pa 26, ọkàn náà pa 26. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ọ̀rọ̀ ọkàn yìí tún wá burú torí pé kì í pariwo. Ẹni tí ó ti ń rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí orúnkún ò jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn, tí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ò pé, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ọkàn òun ló ń dá kún èémí tí ò délẹ̀ yẹn? Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tí wọ́n bá dákú ni wọ́n tó yẹ ọkàn wò, ọ̀rọ̀ á sì ti pẹ́.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà ọkàn tó wà níbẹ̀ nìyí, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ fún wa, mo fẹ́ràn ìyẹn. Ọ̀nà méjì ni àìsàn yìí ń gbà dé ọkàn. Ọ̀kan, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíńtìntín tó wà nínú ẹran ọkàn á máa ká jọ bí ti ìka ọwọ́ ṣe ń ṣe nínú òtútù, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibẹ̀ dáadáa, díẹ̀ díẹ̀ ẹran ọkàn á di àpá. Nígbà míì ẹran ọkàn yẹn á wú, nígbà míì omi á gbá yí ọkàn ká, nígbà míì àpá yẹn á lọ jókòó sórí ọ̀nà tí iná ọkàn ń gbà kọjá, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Ẹ lè yẹ àwọn òpó ńlá wò kí ẹ má rí dídí kankan níbẹ̀, kí ọkàn sì ti ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé nǹkan míì ló fa ọkàn lọ́wọ́: òpó ẹ̀dọ̀fóró le, apá ọ̀tún ọkàn ń tì í títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tàbí kí kíndìnrín dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì kí ẹ̀jẹ̀ ríru gorí àjà. Torí náà tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ò lè tó, ohun tí ọsibítù yìí sì ṣe dáadáa jù nìyẹn, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń so gbogbo tẹ́ẹ̀sì pọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ẹ mọ̀ pé awọ tó le yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n rí òpó ẹ̀jẹ̀, níbòmíì wọ́n máa ń gún àǹtí mi gún wọn gún wọn títí omijé á fi bọ́. Nọ́ọ̀sì tibí ò tiẹ̀ tíì mú abẹ́rẹ́ tó fi gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì gún un lẹ́ẹ̀kan ó gbà. Ohun méjì tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn nípa ọkàn ni NT-proBNP, tó máa ń ga tí ọkàn bá ń fipá ṣiṣẹ́, àti troponin, tó máa ń jáde tí ẹran ọkàn bá ń fara pa. Ibí yìí ni mo ti mọ̀ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe o, torí ọsibítù kékeré àdúgbò wa ti fi troponin dẹ́rù bà wá nígbà kan, wọ́n ní ó ga, wọ́n ní ó lè jẹ́ hát àtáàkì. Dókítà tibí wo ìwé yẹn ó ní troponin T ni wọ́n wọ̀n, scleroderma sì lè bá iṣan apá àti itan jà, àwọn iṣan yẹn lè mú kí T ga kí ọkàn má mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n wọn troponin I, tó jẹ́ ti ọkàn gan-an. Ó jáde wẹ́rẹ́, kò sí nǹkan kan. Tẹ́ẹ̀sì ẹyọ kan, ọkàn àwa méjèèjì balẹ̀.

ECG, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó ń ka iná ọkàn, ò gba àkókò rárá, wọ́n lẹ nǹkan mọ́ àyà, ó tẹ̀wé jáde, ó tán.

Echo, ìyẹn àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìró yà, ni kí n sọ dáadáa torí òun ni wọ́n fi ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Níbi tí a ti ṣe é tẹ́lẹ̀, kíá ni wọ́n parí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé EF 60, nọ́mà, ẹ máa lọ sílé. EF yìí ni ìdá ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde nígbà tó bá lù, tó bá ti ju 50 tàbí 55 nínú 100 lọ wọ́n á ní kò sí wàhálà. Àmọ́ nínú scleroderma EF lè dára kí ẹran ọkàn má dára. Ẹ wo ọkọ̀ danfo tó ṣì ń kó èrò dé Ọ̀shọ́dì lójoojúmọ́, ẹni tó bá ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nìkan ló máa mọ̀ pé plọ́ọ̀gì kan ti kú. Ọkùnrin tó ṣe echo níbí wọn ohun tí wọ́n ń pè ní strain, ìyẹn bí ẹran ọkàn ṣe ń sún kì láti òkè délẹ̀, nọ́ńbà tó dáa máa ń wà ní bí i 20, ti àǹtí mi jẹ́ 16. EF 60 yẹn ṣì wà níbẹ̀ o, kò yí padà! Tí a bá ti gba ti àkọ́kọ́ yẹn gbọ́, a ò ní mọ̀ títí di ọ̀la.

Kò tíì tán, ó tún lọ sí apá ọ̀tún ọkàn, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í yẹ̀ wò dáadáa. Ó wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré padà gba ẹnu ọ̀nà apá ọ̀tún, tó bá ti ju 2.8 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí òpó ẹ̀dọ̀fóró. Ó wo bóyá yàrá òkè lápá ọ̀tún ti fẹ̀, ó wo bóyá omi wà lẹ́yìn ọkàn, omi díẹ̀ wà, ó ní kì í ṣe èyí tó ń te ọkàn mọ́lẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ o, jẹ́lì ẹ̀ sì tutù bí yìnyín, àmọ́ ó mọṣẹ́.

Nọ́ńbà 16 yẹn ló gbé wa dé MRI ọkàn, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara. Èyí ló gùn jù, tó wákàtí kan, ó sì láriwo. Kí wọ́n tó fún wọn lọ́jọ́ wọ́n kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín torí wọ́n máa fún wọn lábẹ́rẹ́ gadolinium, èròjà tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn dáadáa, ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ bá ti rẹ̀ gan-an wọ́n á rò ó dáadáa kí wọ́n tó fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Raynaud, ìyẹn ìka tó ń funfun tó ń di búlúù nínú òtútù, ẹ fetí sí èyí: àwọn ìbọ̀wọ́ olówó iyebíye tí wọ́n fi okùn fàdákà hun tí gbogbo wa ń rà fún òtútù, wọn ò gbọ́dọ̀ bá yín wọ inú ẹ̀rọ yẹn. Okùn irin ni, ó lè gbóná kó jó yín. Àwọn pákẹ́ẹ̀tì kékeré tí a ń mì kó lè gbóná lápò náà, lúbúlúbú irin ló wà nínú wọn, ẹ̀rọ á fà á. Àǹtí mi ti wọ ìbọ̀wọ́ tiwọn dé ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin tó ń ṣe ẹ̀rọ ló rí i, ó ní "mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bọ́ ọ," ó sì fún wọn ní ìbọ̀wọ́ òwú lásán àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti gbé gbóná. Inú mi dùn sí ìyẹn.

Nínú ẹ̀rọ, wọ́n á máa sọ pé ẹ mí sínú, ẹ mí síta, ẹ dá a dúró. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ti lápá, dídá èémí dúró kì í ṣe eré. Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ọmọbìnrin yẹn ò sì bínú, ó gé e kúrú, ó ní kí wọ́n sinmi láàárín. Ohun tí MRI ń rí tí echo ò lè rí ni pé ó lè fi àpá hàn ní funfun lórí ẹran ọkàn, ó tún lè wọn bóyá ẹran náà wú lọ́wọ́lọ́wọ́ tàbí ó ti le káàkiri láìṣe pé àpá kan dá dúró síbì kan. Dókítà yí kọ̀ǹpútà kọjú sí wa, ó fi hàn wá: ìlà funfun kékeré kan láàárín ẹran ọkàn. Ó ní ti hát àtáàkì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún, á sì tẹ̀ lé ibi tí òpó ńlá kan ń fún lẹ́jẹ̀, ti scleroderma sábà máa ń wà láàárín, á ṣe wúruwùru. Àpá díẹ̀ wà, wíwú kò sí. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló máa sọ bóyá òògùn tó ń pa wíwú lẹ́nu mọ́ máa ṣiṣẹ́ àbí kò ní ṣiṣẹ́, ẹ ẹ̀ rí i pé kì í ṣe àwòrán fún yẹ̀yẹ́.

Holter wà níbẹ̀ náà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n gbé kọ́ wọn lọ́rùn fún wákàtí 24 láti ka bí ọkàn ṣe ń lù. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ bọ́ awọ àyà wọn díẹ̀. Ẹ bèèrè fún èyí tó rọ̀ lára, wọ́n ní in, wọn ò kàn ní gbé e jáde àfi tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀.

Ó wá ku òpó ẹ̀dọ̀fóró. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní DETECT, tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí ìfúnpá òpó ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ti lè ga jù, dókítà Gerry Coghlan ti ọsibítù Royal Free níbí ní Lọ́ńdọ̀nù àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbé e jáde, 2014. Wọ́n mú àwọn tí scleroderma ti wà lára wọn ju ọdún mẹ́ta lọ tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ò sì gba gáàsì wọlé dáadáa mọ́, 466 èèyàn, gbogbo wọn ni wọ́n sì ki wáyà bọ ọkàn wọn kí wọ́n lè mọ òótọ́. Ìdá 19 nínú 100 ló ní ìfúnpá tó ga jù yẹn. Ìlànà àtijọ́ ì bá ti fo 29 nínú 100 àwọn yẹn dá, DETECT fo 4. Ohun tó ń lò ò sì le: èsì mímí, èròjà anticentromere inú ẹ̀jẹ̀, NT-proBNP, uric acid, ECG, àti àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ pupa kéékèèké tó máa ń yọ sójú àti sọ́wọ́. Tí máàkì yẹn bá ti kọjá iye kan wọ́n á fi ti echo kún un, kí wọ́n tó pinnu ẹni tí wọ́n máa ki wáyà bọ̀ lọ́kàn. Àwọn àmì pupa yẹn, ẹ gbọ́ o, kì í tètè hàn lára aláwọ̀ dúdú. Dókítà kan níbòmíì ti kọ ọ́ pé àǹtí mi ò ní in. Èyí tibí tan tọ́ọ̀ṣì, ó wo ètè, ó wo inú ẹnu, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó rí i. Máàkì wọn gòkè. Ẹ máa sọ fún dókítà yín kó wo àtẹ́lẹwọ́ o jàre.

Nígbà tí wọ́n wá sọ pé wọ́n máa ki wáyà gba ọrùn dé ọkàn, àǹtí mi ní àwọn ò ṣe. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ló wá jókòó tì wọ́n.

"Mà, ẹ má bẹ̀rù, wọn ò ní fi yín sun. Wọ́n á pa ọrùn yín kú díẹ̀ ni, ẹ̀yin náà á máa wo tẹlifíṣọ̀n wọn."

"Ọmọ mi, ọrùn ni o. Ọrùn!"

"Mo mọ̀ mà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ́n lè gba apá, àmọ́ òpó apá yín ò fẹ́ ká rí òun, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ sí i. Ìfúnpá òpó ẹ̀dọ̀fóró wọn ò dé 20, 20 yìí sì ni ààlà báyìí, 25 ni tẹ́lẹ̀ kí àwọn àgbà dókítà tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwa kàn dúpẹ́.

Ohun tó sàn jù níbẹ̀ lójú tèmi ò sì sí nínú ẹ̀rọ kankan. Dókítà ọkàn àti dókítà scleroderma jọ jókòó sínú yàrá kan náà. Ẹ lè rò pé kékeré ni, kì í ṣe kékeré! Dókítà ọkàn fẹ́ kọ beta blocker, òògùn tó ń mú kí ọkàn rọra lù, nítorí lílù ségesège tí Holter mú, èkejì ní rọra, ó lè mú òtútù ìka le sí i, ìka àǹtí mi sì ti ní egbò. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Wọ́n tún sọ fún wa pé tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún wọn ní prednisolone tó bá ti tó 15 mg lóòjọ́, kó kọ́kọ́ pe àwọn, torí stẹ́rọ́ìdì púpọ̀ lè ti kíndìnrín ẹni tó ní scleroderma ṣubú. Níbi tí àwọn dókítà méjì bá ti ń fi lẹ́tà bára wọn sọ̀rọ̀, ta ló máa tètè rí ìyẹn?

Ó yá, ẹ̀sùn. Yàrá wọn tutù. Àwọn tó ń tọ́jú àìsàn tí òtútù ń bá jà, ẹ̀rọ ìtutù ń fẹ́ fùù ní yàrá ìdúródè, ẹ sọ fún wọn wọ́n á ní àwọn tó ń bójú tó ilé ló ń darí ẹ̀. Ẹ mú kóòtù dání ní oṣù Keje. Ti òtútù yìí náà ló fa wàhálà ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ìka láti mọ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Ìka ti funfun, nọ́ọ̀sì tuntun kan fi ẹ̀rọ sí i ó ka 84, ó sá lọ gbé ọ́síjìn, gbogbo ilé dàrú. Ẹnìkan wá fi sí etí, 97. Ìka tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, kí ló fẹ́ kà níbẹ̀? Ó sì yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ̀. Ẹ tún rántí pé ìwádìí Amẹ́ríkà kan ní 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ yìí máa ń ka ti aláwọ̀ dúdú ga ju bó ṣe yẹ lọ nígbà míì, nítorí náà bó gòkè bó sọ̀ kalẹ̀, ẹ má fi òun nìkan ṣe.

Lẹ́tà èsì wọn náà, ó pẹ́, nígbà tó sì dé gbogbo ẹ̀ jẹ́ LGE, ECV, GLS, TRV, àfi bí ẹni ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Gbogbo tẹ́ẹ̀sì yẹn tún jẹ́ ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó ń rẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń gbé wá gbé lọ. Páàkì ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí n sọ. Ìràwọ̀ tí mo yọ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa bèèrè ti ilé. Àìsàn yìí wà ní Nàìjíríà dáadáa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Adelowo tó jẹ́ àgbà nínú àwọn dókítà oríkèé nílẹ̀ wa ti kọ nípa ẹ̀ láti 2009. Ọsibítù ńlá bí i UCH Ìbàdàn tàbí LUTH ń ṣe ECG àti echo, ẹ lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n wo apá ọ̀tún ọkàn dáadáa, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀ dípò "nọ́mà" lásán, kí ẹ lè fi ti ọdún yìí wé ti ọdún tó ń bọ̀, torí ìlànà Yúróòpù ti 2022 ní kí wọ́n máa yẹ ẹni tó ní scleroderma wò lọ́dọọdún. MRI ọkàn àti wáyà ò pọ̀ nílé, àpò ara ẹni ni ẹ sì máa fi san án. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sílé, ìyẹn ò wọ́n púpọ̀, tó bá fò sókè lójijì ẹ má dúró de àpọ́ínmẹ́ǹtì.

Tó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù lẹ wà, GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, ló máa kọ lẹ́tà. Ẹ rí i pé ó kọ "systemic sclerosis" síbẹ̀ gbangba, torí tó bá kọ "èémí ò délẹ̀" nìkan, ìlà àwọn tí wọ́n ń yẹ ọkàn wọn wò lásán ni wọ́n máa tò yín sí, echo kíákíá yẹn náà ni wọ́n sì máa ṣe fún yín.